Iná lọ nígbà tí mo ń gbé VS Code sórí Ubuntu: ṣé àfi kí n fọ́ọ́mátì ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fà ni mo wà, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́. Mo ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan, Ubuntu 24.04, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ló wà lórí ẹ̀. Mo ń gbé VS Code, ètò tí à ń kọ kóòdù sí, sí i lọ́wọ́ ni iná lọ. Bátìrì ẹ̀ ò gbé e, ló bá kú. Látìgbà náà, bí mo bá ní kí apt, àṣẹ tí à ń fi gbé ètò wọlé, ṣe nǹkankan, á ní "dpkg was interrupted". Bí mo bá tẹ code, á ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi wá fi sudo, àṣẹ tó ń fúnni lágbára ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà, ṣí i láti inú fódà ẹ̀. Ó ṣí lóòótọ́, a tiẹ̀ tọ́wọ́ bọ fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ nígbà tó tún ṣí, ojú ẹ̀ dúdú, kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní àfi ká fọ́ọ́mátì ẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá mi wà lórí ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Má fọ́ọ́mátì nǹkankan. Ohun tó ṣe láptọ́ọ̀pù rẹ kò tó ohun tí à ń torí ẹ̀ pa iṣẹ́ ẹni rẹ́. Ní Ìlọrin níbí, irú ẹ̀ ń wọlé tọ̀ mí wá ṣáá, pàápàá lásìkò òjò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tanke ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ó máa ń dùn mí tí n bá rí ẹni tí wọ́n ti bá fọ́ọ́mátì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, torí àṣẹ kan tàbí méjì ni ì bá yanjú ẹ̀. Síbẹ̀, kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ àṣekágbá rẹ sórí fláàṣì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. dpkg ló ń gbé ètò sórí Ubuntu. Apt tí ìwọ ń pè, òun ló ń rán an níṣẹ́. Ìpele méjì ni dpkg fi ń ṣe é. Á kọ́kọ́ tú àwọn fáìlì inú .deb, ìyẹn fáìlì tí wọ́n di ètò sínú ẹ̀, síbi tó yẹ kí wọ́n wà. Ti VS Code, /usr/share/code ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni á wá ṣètò wọn kí wọ́n lè ṣeé lò. Bí ẹni kó ẹrù wọ ilé tuntun ni: ẹrù ti wà ní pálọ̀, àmọ́ a ò tíì to bẹ́ẹ̀dì, a ò tíì so kọ́tìnnì. Àárín méjèèjì ló jọ pé iná ti lọ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìpele kejì yẹn ló ń so orúkọ code mọ́ /usr/bin, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi ní òun ò mọ̀ ọ́n, tí ọ̀rẹ́ rẹ sì rí i ṣí láti inú fódà. dpkg máa ń kọ ibi tó bá iṣẹ́ dé sínú /var/lib/dpkg/status, kò sì ní gba iṣẹ́ tuntun títí èyí tó wà nílẹ̀ á fi parí.

Wá ibi tí iná ti dájú, jẹnẹrétọ̀ ni o, sóláà ni o, kó o ṣí Terminal, ibi tí à ń tẹ àṣẹ sí, kó o tẹ:

dpkg -l code

Wo lẹ́tà méjì tó ṣíwájú nínú ìlà tó kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ii, ó ti parí. Bó bá jẹ́ iU, ó ti tú fáìlì, kò tíì ṣètò wọn. iF ní tiẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ètò náà, kò parí ẹ̀. iH ló le díẹ̀, torí ibi tó ti ń tú fáìlì gan-an ló ti dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn èyí, tẹ méjì yìí tẹ̀ léra:

sudo dpkg --configure -a
sudo apt --fix-broken install

Bó bá béèrè pásíwọọ̀dù, o ò ní rí ohun tí ò ń tẹ̀ lójú ẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, kíbọ́ọ̀dù rẹ ò bàjẹ́. Bó bá ní "Could not get lock", Ubuntu fúnra ẹ̀ ló ṣeé ṣe kó máa gba àtúnṣe ààbò lọ́wọ́. Ní sùúrù fún un. Àwọn kan á ní kó o pa fáìlì lock yẹn, èyí tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, rẹ́. Má dá wọn lóhùn, ọ̀nà tí irú wàhálà yìí tún fi ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Tún wo dpkg -l code. Bó bá ti di ii, ó parí síbẹ̀. Bí H bá ṣì wà níbẹ̀, pa .deb ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, kó o gba tuntun ní code.visualstudio.com. Ó tó nǹkan bí 100 MB, dátà sì wọ́n, torí náà bó o bá ń fi wget, àṣẹ tó ń gba fáìlì láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbà á, fi -c sí i, kó lè máa bá a lọ níbi tó dé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, kó o tó gbé e wọlé:

cd ~/Downloads
dpkg-deb -c code_*.deb > /dev/null
sudo apt install --reinstall ./code_*.deb

Bí ìlà kejì bá dákẹ́, fáìlì pé. Bó bá dárúkọ "unexpected end of file", kò tíì wọlé tán. Má gbàgbé ./ yẹn, bó o bá fò ó, apt á rò pé orúkọ ètò lò ń pè, kì í ṣe fáìlì. Bó bá béèrè bóyá kó fi ibi tí VS Code ti ń gba àtúnṣe sí i, gbà fún un. Ní ìparí, ó lè kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan nípa "unsandboxed". Lẹ́tà tó ṣíwájú ni kó o wò: N jẹ́ ìfitónilétí, W jẹ́ ìkìlọ̀, E nìkan ni àṣìṣe. N ni ìyẹn, má jẹ́ kó já ọ láyà.

Ó kan ọ̀rọ̀ sudo tí ọ̀rẹ́ rẹ lò. Ó fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n má tún fi sudo ṣí VS Code mọ́. Fáìlì tuntun tó o bá dá sílẹ̀ báyẹn, ti root, ìyẹn ọ̀gá àgbà orí kọ̀ǹpútà, ni, kì í ṣe tìrẹ. Lọ́jọ́ kejì, wàá fẹ́ tọ́jú iṣẹ́, á ní o ò láṣẹ. Wọ fódà iṣẹ́ rẹ, kó o tẹ ls -l. Bó o bá rí root níbi tó yẹ kí orúkọ rẹ wà, jáde kúrò nínú fódà náà, kó o gbà á padà báyìí. Fi orúkọ fódà rẹ rọ́pò project:

sudo chown -R $USER:$USER ~/project ~/.config/Code ~/.vscode

Bó bá ní òun ò rí ọ̀kan nínú wọn, kò sí nǹkankan, á ṣe ìyókù.

Ojú dúdú ńkọ́? Bó bá ṣì dúdú nígbà tó o bá ṣí i láìsí sudo, kọ́kọ́ pa VS Code dé, kó o pa fódà GPUCache tó wà nínú ~/.config/Code rẹ́, kó o tún un ṣí. Bí kò bá yí padà, tẹ code --disable-gpu. Ẹ̀yà tó ń ya àwòrán sójú síkírìnì lára láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ti máa ń pẹ́, òun àti VS Code kì í sìí fìgbà gbogbo gbọ́ra wọn yé. Bó bá ṣí dáadáa báyẹn, tẹ Ctrl+Shift+P, wá "Configure Runtime Arguments", kó o fi ìlà yìí sínú fáìlì tó bá ṣí, kó o má baà máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́:

"disable-hardware-acceleration": true

Ìgbà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà á kọjá ohun tí àwọn àṣẹ yìí lè yanjú: bí Terminal bá ń kọ "Input/output error" tàbí "Read-only file system". Díìsìkì fúnra ẹ̀ ló ṣeé ṣe kó máa ṣàìsàn nígbà náà, fọ́ọ́mátì ò sì ní wò ó sàn. Fi ètò Disks tó wà lórí Ubuntu yẹ̀ ẹ́ wò, kó o má sì fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ lórí ẹ̀ mọ́.

Bátìrì yẹn ló kó ọ sí gbogbo èyí. Tẹ upower -d, kó o wá ìlà capacity lábẹ́ bátìrì. Iye tó bá wà níbẹ̀ ni ìdá tó ṣẹ́ kù nínú agbára tó ní nígbà tó ṣì tuntun. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ 50%, èrò mi ni pé kó o kọ́kọ́ wá bátìrì mìíràn kó o tó ná owó lórí ohunkóhun tó kù, títí dìgbà náà, ìgbà tí iná bá dájú nìkan ni kó o máa gba àtúnṣe ńlá.