Ògiri tó ń bó láti ìsàlẹ̀: ẹ wá omi rí kí ẹ tó pe pẹ́ńtà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé oníyàrá mẹ́ta là ń gbé ní Ìbàdàn. Ògiri pálọ̀ wa tó wà lápá ẹ̀yìnkùlé ń bó láti ilẹ̀ títí dé orúnkún. Pẹ́ńtà ti fi POP ṣe screeding rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ojú rẹ̀ lè dán, ó sì kùn ún, àmọ́ kì í pé oṣù mẹ́ta tó fi máa ń wú, táá sì máa dà sílẹ̀ bí èlùbọ́. Nǹkan funfun kan bí iyọ̀ ń hù lójú rẹ̀. Àwọn ògiri yòókù ò ṣe nǹkan kan. Kó tó di pé a to interlock sẹ́yìn ilé, a ò rí irú èyí rí. Pẹ́ńtà ti wá ní ká ra PVC, pákó oníke tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ká fi bò ó. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra PVC kankan. Tí ẹ bá fi bò ó, ojú yín ò ní rí i mọ́ ni, omi á ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i, àbàwọ́n dúdú á ti gba gbogbo ibẹ̀, á máa rùn, aáyán á sì ti fi ṣelé. Ẹ̀tẹ̀ ló wà lára ògiri yẹn, làpálàpá ni pẹ́ńtà ń pa.

Ọ̀rọ̀ interlock tí ẹ fẹnu bà lásán yẹn gan-an ni mo dì mú. Kí wọ́n tó to interlock, wọ́n á da yanrìn sílẹ̀, wọ́n á kì í, ilẹ̀ á sì ga sókè. Tí ilẹ̀ ìta bá ti ga tó fúlọ̀ inú ilé, tàbí tó tiẹ̀ ga jù ú lọ, a jẹ́ pé ilẹ̀ tútù ló ń fara ti ògiri yín látìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí tí yóò fi dá. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé, yanrìn àti símẹ́ǹtì ni, ihò wẹ́wẹ́ tí ojú ò rí ló kún inú rẹ̀. Bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo ló ṣe ń fa omi sókè. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ máa ń tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó nípọn sábẹ́ fúlọ̀, kí omi ilẹ̀ má bàa gòkè. Àmọ́ tí ilẹ̀ ìta bá ti ga ju ibi tí náílọ́ọ̀nù yẹn wà, ẹ̀gbẹ́ lomi ń gbà wọlé.

Nǹkan funfun yẹn, irú iyọ̀ kan ni lóòótọ́, kì í kàn ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Omi ló yọ́ ọ látinú ilẹ̀ àti látinú búlọ́ọ̀kù. Tí omi bá dé ojú ògiri tó gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́kù, á di wóró, wóró yẹn á sì máa ti pẹ́ńtì síta. Ìdí nìyẹn tó fi ń wú kó tó jábọ́. POP ní tirẹ̀ ò lè bá omi gbé. Gypsum ni, òkúta tí wọ́n yan nínú iná tí wọ́n sì lọ̀ kúnná. Ó dára gan-an fún sílìn àti fún ògiri gbígbẹ, àmọ́ tí omi ò bá yé kàn án, ńṣe ló ń rọ̀.

Èmi náà ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù iṣẹ́ bíríkìlà ni nígbà náà, oníbàárà kan ní kí n bá òun tún ògiri yàrá ìyá òun rẹ́. Mo rẹ́ ẹ, ó dán, gbogbo wọn yìn mí. Kí òjò ọdún kejì tó parí, ó ti bó. Ìgbà tí mo wá yí ẹ̀yìn ilé ká ni mo rí i pé páìpù tó ń gbé omi òrùlé wálẹ̀ ti já, ẹsẹ̀ ògiri yẹn ló ń da gbogbo rẹ̀ sí. Owó ara mi ni mo fi tún un ṣe. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀gbẹ́ ògiri tútù yẹn ni ìyá àgbà ń sùn sí ní gbogbo òjò. Láti ọjọ́ náà, n kì í fọwọ́ kan ògiri tó ń bó láì kọ́kọ́ yí ilé po.

Ẹ̀yin náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹ fi tépù wọn bí interlock ṣe relẹ̀ sí fúlọ̀ inú. Ó yẹ kí ìta fi bí ínṣì 6 relẹ̀ jù ú lọ. Ẹ wo ibi tí omi òrùlé ń dà sí, kí ẹ sì wò ó bóyá sókàwéè, ihò tí omi ìdọ̀tí ilé ń dà sí, wà nítòsí. Tí páìpù omi bá gba inú ògiri yẹn kọjá, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ lálẹ́, kí ẹ má ṣe tan pọ́ńpù, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé nínú táǹkì. Tó bá ti lọ sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, páìpù ń jò.

Tó bá jẹ́ interlock ni, ìta ni iṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n hú ìlà méjì tó sún mọ́ ògiri jù, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ títí tó fi máa relẹ̀ ju fúlọ̀ inú lọ dáadáa. Kí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ara ògiri tó bá yọ síta, kó gbẹ, kí wọ́n wá fi bítúmẹ̀n dúdú kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n fi kọnkéré ṣe gọ́tà síbi tí wọ́n gbẹ́ náà, kó dà gẹ̀rẹ́ kí omi lè máa ṣàn jìnnà sí ilé. Ó máa dun èèyàn láti tú interlock tó fowó ṣe, mo mọ̀. Àmọ́ tí ẹ bá fò ó, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e yìí, òfo ni.

Nínú ilé, ẹ fi ìdí kọ́kọ́rọ́ máa kan ògiri láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tó bá ń dún ko, ko, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ibi tó bá ń dún pọ̀, pọ̀, pílásítà ti ṣí lára búlọ́ọ̀kù, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Kí bíríkìlà ha gbogbo pílásítà ibẹ̀ kúrò títí kan búlọ́ọ̀kù, kó sì fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá ibi tí omi dé. Ẹ má gbà kó kàn máa lẹ̀ ẹ́ ní ojú kọ̀ọ̀kan. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kó fi gbọn iyọ̀ náà dànù, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, torí omi á tún gbé e padà sínú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ògiri sílẹ̀ kó gbẹ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, ó sì lè gba oṣù kan sí mẹ́ta.

Yanrìn ni ẹ máa ṣọ́ jù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ ẹ. Ẹ bu yanrìn dé ìdajì ìgò, ẹ da omi sí i, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ mọ́jú. Tí ẹrẹ̀ tó wà lókè yanrìn bá nípọn, ẹ má lò ó, ó máa sán. Símẹ́ǹtì páànù 1 sí yanrìn páànù 4 ló dára, pẹ̀lú oògùn olómi tí wọ́n ń tà fún dídènà omi, bí ara ike rẹ̀ bá ṣe sọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi símẹ́ǹtì àti yanrìn tó ṣàn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ wọ́n ara búlọ́ọ̀kù, kó rí ṣákaṣàka, kó sùn mọ́jú, kí pílásítà lè rí nǹkan dì mú. Kí wọ́n wá rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ nípọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí pílásítà má kan fúlọ̀, kí àlàfo bí ínṣì kan wà nísàlẹ̀. Táìsì ẹsẹ̀ ògiri lẹ máa fi bò ó.

Ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7. Ó lè yà yín lẹ́nu, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé omi là ń sá fún, àmọ́ símẹ́ǹtì tó bá tètè gbẹ kì í lágbára, ojú rẹ̀ á sán wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ẹ tó lè pe pẹ́ńtà. Kó fi símẹ́ǹtì funfun ṣe screeding ibẹ̀, kó má lo POP, kó sì fi emulsion, pẹ́ńtì olómi, kùn ún. Pẹ́ńtì olóròóró á dé ìwọ̀nba omi tó kù mọ́nú ni.

Tí ẹ bá wọn ẹ̀yìnkùlé tí ẹ rí i pé ìta relẹ̀ ju inú lọ dáadáa, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ nǹkan kan. Ẹ padà sídìí páìpù àti omi òrùlé.