Eyín Ń Ro Mí ní Guangzhou: Kí Ni Kí N Sọ?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Léèsì ni mò ń tà ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn, Guangzhou ní Ṣáínà ni mo sì ti ń rajà. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, eyín ro mí mọ́jú. Ọwọ́ ni mo fi ń júwe fún dókítà eyín, ó sì ti gbé ẹ̀mú kí n tó mọ̀ pé yíyọ ló fẹ́ yọ eyín tí mo ní kó bá mi dí. Ọ̀rọ̀ wo ló yẹ kí n mọ̀ nínú Cantonese, èdè ìbílẹ̀ Guangzhou? — Ìyá Oníléèsì.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ẹ̀mú, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ kan ni gbogbo rẹ̀ so mọ́, ìyẹn ngaa4, tí í ṣe eyín. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ ló ń tọ́ka sí ohùn: mẹ́fà ni ohùn Cantonese, mẹ́ta ni tiwa, nítorí náà ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ohùn kẹrin wálẹ̀ bíi dò. Bí ẹ bá gbé e gba ohùn karùn-ún, àwo amọ̀ tí wọ́n fi ń bo òrùlé lẹ dárúkọ yẹn.

Èyí tí kò gbọdọ̀ dàrú mọ́ yín lójú ni bou2 ngaa4, kí wọ́n dí eyín, àti mok1 ngaa4, kí wọ́n yọ ọ́. Bou2 yìí náà ni wọ́n ń lò fún lílẹ aṣọ tó ya, èyí tí kò ní ṣòro fún aláṣọ láti rántí. Mok1 sì ni bíbó, bí a ti ń bó ọsàn. Bí ẹ bá tún rí ẹ̀mú, ẹ tètè sọ pé m4 hou2 mok1 ngaa4, “ẹ má yọ eyín”. M4 yẹn dá dúró gẹ́gẹ́ bí “ń” inú “mo ń lọ”.

Dókítà lè bi yín pé tung3 m4 tung3, “ó ń ro yín àbí kò ro yín?” Tung3 ni bẹ́ẹ̀ ni, m4 tung3 ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ fọwọ́ kan eyín náà, kí ẹ ní ni1 zek3, “èyí”. Eyín tí kòkòrò jẹ ni zyu3 ngaa4, ó sì dùn mọ́ mi pé kòkòrò ni àwọn náà kà á sí lọ́rùn, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Sai2 ngaa4 ni kí dókítà fọ eyín. Èyí tí à ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe nílé ni caat3 ngaa4.

Mandarin, èdè àjùmọ̀lò Ṣáínà, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ní Guangzhou báyìí. Bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ yàtọ̀, àmọ́ bí wọ́n bá rí 补牙 ní kíkọ, ìtumọ̀ kan náà ni yóò ní fún wọn: “dí eyín”. Ẹ kọ ọ́ sí bébà kékeré, kí ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì.