Irin ṣẹ́ sínú eyín mi, dókítà kò sì sọ fún mi

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n, olùkọ́ ni mí ní Agége, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní oṣù 7 sẹ́yìn, eyín ńlá kan ní ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún, ń dùn mí débi pé n kò lè sùn lóru. Mo lọ sí ilé ìwòsàn eyín aládàáni kan ládùúgbò wa. Wọ́n gbẹ́ inú gbòǹgbò eyín náà, wọ́n dí i, èyí tí wọ́n ń pè ní root canal, wọ́n sì fi ìdérí bò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san owó, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦210,000, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ nìkan ni mo gba rìsíìtì fún.

Kò pé oṣù 3 tí ìdérí náà yọ bọ́ nígbà tí mò ń mu ẹ̀kọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì wú. Dókítà náà ní eegun ni mo fi eyín fọ́. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn mìíràn, wọ́n ya àwòrán X-ray, wọ́n sì fi irin tín-ín-rín kan hàn mí, bí ṣóńṣó abẹ́rẹ́, tí ó funfun nínú gbòǹgbò kan. Wọ́n ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi gbẹ́ eyín náà ni ó ṣẹ́ síbẹ̀. Mo padà lọ bá dókítà àkọ́kọ́, ó ní òun kò ní dá kọ́bọ̀ padà. Àwọn ará ilé mi ní kí n yọ eyín náà, kí n sì fa ẹjọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe?
Olùkọ́ tí inú rẹ̀ bàjẹ́, Agége.

ÌDÁHÙN

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, olùkọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yọ eyín náà, nítorí ẹnu yín gan-an ni ẹ̀rí ẹjọ́ yìí wà. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín bá ṣì wú, ẹ lọ rí dókítà eyín lónìí, torí pé kòkòrò inú eyín kì í dúró de ẹjọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ibẹ̀, ẹ gba ẹ̀dà àwòrán náà sọ́wọ́, kí dókítà kejì sì kọ sílẹ̀ ohun tí ó rí, eyín tí ó rí i nínú rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó rí i. Ìdérí tí ó bọ́ ńkọ́? Ẹ fi sínú agolo kékeré tí ó ní ọmọrí, ẹ má sì dá a padà fún ilé ìwòsàn àkọ́kọ́.

Mo fẹ́ sọ òdodo kan tí ó lè má dùn mọ́ yín. Irin tí ó ṣẹ́ nìkan kò tó láti dá dókítà lẹ́bi, nítorí irinṣẹ́ yẹn tín-ín-rín, gbòǹgbò eyín a sì máa wọ́, nítorí náà ó lè ṣẹ́ mọ́ ẹni tí ó fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbé gbogbo ẹjọ́ yín ka orí irin, ẹjọ́ náà lè bọ́. Ohun tí yóò ṣòro fún un láti dáhùn ni ìdí tí kò fi sọ fún yín. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 pa á láṣẹ pé kí àwọn oníṣègùn jẹ́ kí aláìsàn mọ ipò tí ìlera rẹ̀ wà, ìtọ́jú tí ó wà, ewu rẹ̀ àti iye tí yóò ná an. Ẹni tí ó mọ̀ pé irin wà lẹ́nu yín, tí ó fi ìdérí bò ó, tí ó tún gba ìyókù owó, ni ẹ ń bá ṣẹjọ́. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gidigidi.

Ẹ kọ lẹ́tà sí i, kí ẹ sì béèrè ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín. Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 fún yín ní ẹ̀tọ́ sí i. Ní ti owó kejì tí kò ní rìsíìtì, bí ẹ bá fi báńkì san án, àkọsílẹ̀ báńkì yín yóò jẹ́rìí. Nínú lẹ́tà kan náà, ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ gbà padà, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ 7. Òfin Ìdíje Ọjà àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé bí iṣẹ́ kò bá dára tó, oníbàárà lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá owó tí ó yẹ padà. Èmi ò ní gbà yín níyànjú láti tún jókòó sórí àga dókítà yẹn. Ẹ béèrè owó.

Bí kò bá dáhùn, ẹ mọ ibi tí ẹ ń lọ àti ohun tí wọ́n lè ṣe níbẹ̀. Àjọ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń dáàbò bo oníbàárà, ni ẹ máa gbé ọ̀rọ̀ owó àti iṣẹ́ tí kò dára lọ. HEFAMAA, tí ó ń bójú tó ilé ìwòsàn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni yóò yẹ ilé ìwòsàn náà wò. Dókítà fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ MDCN, ìgbìmọ̀ tí ó ń fún àwọn dókítà àti oníṣègùn eyín ní ìwé àṣẹ. Ìwé ẹ̀sùn àti ìwé ìbúra ni ẹ máa mú lọ. Ilé ẹjọ́ ìbáwí wọn lè kìlọ̀ fún un, ó lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún àkókò tí kò ju oṣù 6 lọ, ó sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ má retí owó níbẹ̀. Fún owó tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju ₦5,000,000 lọ, Ìpínlẹ̀ Èkó ti dá ilé ẹjọ́ Small Claims sílẹ̀ láti ọdún 2018, níwájú májísíréètì. Bí ẹ bá fẹ́ gba owó ìrora mọ́ ọn, agbẹjọ́rò ni ẹ nílò, àti dókítà eyín mìíràn tí yóò jẹ́rìí.

Ẹ má fi falẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni ni tiyín; ká ní ti ìjọba ni, oṣù 3 péré ni òfin tí ó dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fi sílẹ̀ fún olùpẹ̀jọ́, oṣù 7 tí ó ti kọjá yìí ni agbẹjọ́rò wọn yóò sì kọ́kọ́ nàka sí.