Àbúrò, má tíì ra ọ̀gànwó yẹn

Àbúrò mi tó wà ní Ifẹ̀, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní gìtá oníná rẹ ń dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí agolo, wọ́n sì sọ fún ọ pé pláìwúùdù tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ ló fà á. O wá fẹ́ mọ̀ bóyá igi ọ̀gànwó ni kí káfíńtà fi gbẹ́ òmíràn fún ọ, àbí àfàrà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn, ṣé ó tú gìtá náà wò? Tí kò bá tú u, má dá a lóhùn.

Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ló kó mi sí wàhálà ní 2017. Iléṣà níbí ni, mo ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá gba gìtá lọ́wọ́ mi, ó fi ìka kàn án kó-kó-kó bí ìyá tó ń ra ìkòkò lọ́jà, ó mi orí, ó ní igi yìí ti kú, ọ̀gànwó ló kù. Ó gba ₦5,000 fún ìmọ̀ràn yẹn. Ìmọ̀ràn o!

Mo ra pákó ní ibi ìlagi kan lọ́nà Ifẹ̀. Nígbà tí mò ń bọ̀, kí n tó dé Òṣú, àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ igbó dá ọkọ̀ wa dúró, wọ́n ní ìwé pákó dà. Pákó kan ṣoṣo, tí kò ga tó ọmọ ọdún méje! Oòrùn pa mí fún wákàtí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń bi mí níwèé gan-an ń pe ọ̀gànwó ní arère. Igi yòówù tí o bá rà, gba rìsíìtì, kí o fi sápò.

Káfíńtà tí mo gbé e fún, tí ó bá di ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó tó o ní Ìsọ̀kun. Ṣùgbọ́n gìtá kì í ṣe ilẹ̀kùn. Lára irú gìtá tèmi, láti eegun kékeré tí okùn gbà kọjá lókè ọrùn títí dé bridge, ìyẹn irin tí okùn jókòó lé lára gìtá, ínṣì 25½ ni. Fret ni irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò sójú ọrùn; ìkejìlá gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín gan-an, ínṣì 12¾. Káfíńtà mi fi ojú wọ̀n ọ́n, ó fi bí ìdajì ínṣì gbé bridge sẹ́yìn. Bí mo bá yí okùn títí tó fi bá kíbọ́ọ̀dù mu, tí mo bá ti wá tẹ fret kejìlá báyìí, ohùn á wálẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ tó ń dun etí. Mo ní kó wò ó, ó ní okùn ni. Mo ra okùn tuntun, ó ní okùn yẹn ò dáa, mo tún ra òmíràn. Olórí akọrin bi mí lójú gbogbo ìjọ bóyá mo ti gbàgbé iṣẹ́. Nígbà tó sú mi, mo ṣe bí àwọn baba wa, mo ṣe òṣómàáló níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ kó tó lu ihò tuntun fún bridge.

Ọyẹ́ wá dé. Pákó tó nípọn ínṣì kan, nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n ń fi sá a lábẹ́ ibòji. Ara gìtá tó ínṣì 1¾. Tèmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ! Lálẹ́ orin Kérésì, ó sán láti ìdí ọrùn wá sísàlẹ̀ bí ẹni ń la igi ìdáná. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ojú ti tì mí.

Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Àtàkúmọ̀sà ló gbà mí. Wọn ò mọ gìtá ta. Wọ́n tú gìtá pláìwúùdù mi àtijọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Pickup, ohun tó ń gbé ohùn okùn lọ sínú wáyà, ti rì wọlé, ó jìnnà sí okùn, wáyà tó lọ síbi tí a ti ń yí ohùn sókè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Wọ́n fi òjé jó o mọ́ ọn, wọ́n gbé pickup sókè. ₦1,500. Wọ́n ní, “Òòfà ni eléyìí, wọ́n wé wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lára. Okùn irin ń gbọ̀n lórí rẹ̀, iná ń jáde nínú wáyà. Òòfà ò létí tó fi máa gbọ́ igi.”

Àwa náà la tètè ń gbà á gbọ́ pé igi ló ń mú ohùn wá, nítorí ìlù. Agbẹ́lù á ní igi ọ̀mọ̀ ni, pàápàá èyí tó wà létí ọ̀nà tó ti ń gbọ́ ohùn ènìyàn. Kò burú, ìlù ṣófo nínú, awọ, igi àti atẹ́gùn inú rẹ̀ ló jọ ń sọ̀rọ̀. Gìtá tí kò lo iná náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1932 ni ilé-iṣẹ́ Rickenbacker ti ṣe gìtá oníná tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Àfàrà tí ò ń béèrè yẹn náà, òun ni ilé-iṣẹ́ Gibson fi ṣe gìtá tí wọ́n ń pè ní Flying V àti Explorer ní 1958, tí wọ́n pè é ní korina. Àfàrà kan náà tí wọ́n fi ń ṣe pláìwúùdù o!

Mi ò ní igi ò ṣe nǹkan kan. Ọrùn tó bá rọ̀ lè mú kí ohùn kan tètè kú. Ṣùgbọ́n mo gbé pickup, bridge àti okùn kan náà láti ara ọ̀gànwó sí pláìwúùdù, mo ní kí akọrin méjì kẹ̀yìn sí mi, kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ ọ̀gànwó. Wọ́n kàn ń méfò ni.

Ìwọ sáà tú u, wo wáyà, gbé pickup sókè, pààrọ̀ okùn, o mọ ìyẹn. Má gbé e sókè jù, òòfà á máa fa okùn, ohùn á máa yẹ̀. Tó bá sì ń hùn, wo jẹnẹrétọ̀ yín àti wáyà ilẹ̀ kí o tó bú gìtá. Má dán an wò láti tú áńpù, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá síta, fúnra rẹ o, kódà tí o bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ tó lè pa èèyàn.

Hẹn, ìbéèrè rẹ. Nínú ọ̀gànwó àti àfàrà, mú èyí tó bá ti gbẹ. Arère fúyẹ́ jù wọ́n lọ, èjìká rẹ ló máa mọ ìyàtọ̀ yẹn ṣáájú etí rẹ. Ọ̀gànwó tèmi wà nílé ìdáná, ìyàwó mi ń rẹ́ ẹ̀fọ́ lórí rẹ̀. Tú tìrẹ lónìí, ya àwòrán wáyà inú rẹ̀, kí n rí i.