Agbádá sányán bàbá àgbà: ẹ má tíì fi omi kàn án

Ẹ kú ìtọ́jú ogún bàbá. Ẹ ní agbádá sányán tó jẹ́ ti bàbá tó bí bàbá yín ti lu ní èjìká, àbàwọ́n sì wà láyà rẹ̀, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kọ́kọ́ gbé e fún alágbàfọ̀ kí télọ̀ tó lẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ ní sùúrù ná. Bí mo ṣe ba agbádá ẹtù bàbá mi, aṣọ òkè aláró, jẹ́ nìyẹn.

Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ oníyẹ̀fun ni mo rẹ ẹ́ sí. Kí n tó yíjú padà, aró ti kún inú bàsíà. Àwọn ìlà búlúù wẹ́wẹ́ tó jọ ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù, èyí tí aṣọ náà tìtorí rẹ̀ jẹ́ orúkọ yẹn, dúdú mọ́ ìyókù. Nígbà tó gbẹ, ọ̀já kan sún kì ju èkejì lọ, gbogbo ojú ìránpọ̀ bá ká jọ. Mo tún gbé e fún télọ̀. Ó fi òwú ẹ̀rọ tó yi dí ihò méjì. Kò pé ọdún kan tí méjì fi di mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ní etí ibi tó rán. Òwú tí àwọn ìyá wa fi ọwọ́ ran kò lè bá òwú ilé-iṣẹ́ fà á. Èyí tó gbó ló máa já. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ẹ̀dì lójúmọmọ, ẹ tẹ́ agbádá náà lé e, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta. Ẹ wo etí ihò dáadáa. Nínú sányán ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí mo tún ṣe lẹ́yìn náà, òwú funfun wà digbí, ó nà kọjá ihò láìsí ohun tó dì í mú; èyí tó ní àwọ̀ bí ilẹ̀ nìkan ló lọ. Inú igbó ni òwú aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn, sányán gan-an, ti wá, láti ara ilé tí àwọn kòkòrò kan máa ń hun papọ̀ sórí igi, ìdin àfòpiná sì ń jẹ irú rẹ̀ bó ṣe ń jẹ irun. Òwú funfun tiẹ̀ jẹ́ ti oko, kò wù ú tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rí ohun wẹ́wẹ́ bí iyanrìn nínú ojú ìránpọ̀, àmì ìdin náà nìyẹn, ẹ má tíì gbé abẹ́rẹ́. Ẹ fi ọ̀rá méjì dì í pa, ẹ fi sí fírísà tó tutù gan-an fún ọ̀sẹ̀ méjì, níbi tí iná kì í ti í lọ. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí di ọjọ́ kejì, kí omi má baà sẹ̀ sí i lára. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé káńfọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe gan-an wá kù. Ìsẹ́yìn ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ bàbá ahunṣọ kan tó jẹ́ kí n jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀já tóóró tó fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́rin ni wọ́n ń rán pọ̀ di aṣọ òkè, nítorí náà ẹ lè tú ojú ìránpọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ọ̀já tó bàjẹ́ dá wà fúnra rẹ̀. Bàbá kò wá òwú lọ́jà rárá. Ó ṣí ibi tí wọ́n ká sínú ní ìgbátí, níbi tí oòrùn kò dé rí, ó fa òwú jáde níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ orí kan náà ni, àwọ̀ kan náà, agbára kan náà. Ó fi abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú bẹ̀rẹ̀ láti íǹṣì kan sẹ́yìn ihò, nínú ibi tó ṣì dára: ó gba orí òwú kan, ó gba abẹ́ èkejì, títí dé òdìkejì. Nígbà tí mo gbìyànjú tèmi, mo fà á le, ó lù mí lọ́wọ́. “Jẹ́ kó sinmi,” ló wí.

Ihò tó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mi ò hun ún. Mo máa ń fi aṣọ òwú tó rọ̀, tí mo ti fọ̀ kí sítáàṣì ara rẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ lẹ́yìn, mo sì ń rán an láàárín òwú sí òwú, kì í ṣe kí abẹ́rẹ́ gún òwú fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù tàbí aṣọ tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ kàn án. Kì í ṣe é ṣí mọ́.

Àbàwọ́n àyà yẹn, tèmi ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀. Àyà bàbá ló kan.

Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ má ká a pa sínú àpótí. Ẹ tọrọ páálí gbọọrọ tí wọ́n ń ká léèsì mọ́ lọ́wọ́ àwọn aláṣọ, ẹ fi aṣọ funfun wé e, kí ẹ wá yí agbádá náà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìgbátí ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí wò lálẹ́ òní, kí ẹ mọ iye òwú tó wà níbẹ̀.