Kí ni wọ́n ń wí nígbà tí wọ́n bá ní ìwà Raskolnikov, olú ẹ̀dá ìtàn inú ìwé Crime and Punishment, pín sí méjì?

Àánú inú Raskolnikov àti èrò orí rẹ̀ ni kò bára mu. Nínú ìwé ìtàn àròsọ yìí, tí Dostoevsky, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà, gbé jáde ní 1866, Raskolnikov fi àáké pa arúgbó ayánilówó kan àti àbúrò arúgbó náà, nítorí ó gbà pé òfin kò de àwọn ènìyàn ńlá. Síbẹ̀ òun náà ló kó owó tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i fún opó ọ̀mùtí kan tó ń jẹ́ Marmeladov. Èyí tó hàn kedere jù lójú tèmi ni ìgbà tó fún ọlọ́pàá ní kópẹ́ẹ̀kì (owó ẹyọ Rọ́ṣíà) 20 láti fi gbé ọmọbìnrin kan tó mutí yó lọ sílé, kí ọkùnrin tó ń dọdẹ rẹ̀ má baà rí i mú, tí kò sì pẹ́ tó tún fi ké sí ọlọ́pàá náà pé kó fi ọmọbìnrin náà àti ọkùnrin náà sílẹ̀.