Kí Àbúrò Yín Wo Young Kim Kí Ó Tó Jáwọ́

Ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí àbúrò yín obìnrin fi òṣèlú sílẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń léwájú lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò ní Kalifóníà, ṣùgbọ́n tí ó fìdí rẹmi nígbà tí wọ́n ka ìbò tán. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ojú mi ti rí. Mo díje láti wọ ìgbìmọ̀ tí ń darí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlú wa, ní ìpínlẹ̀ kan náà; mo fi ìbò tí ó lé ní igba léwájú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi sì ti gbé ìrẹsì tí ọgọ́ta ènìyàn yóò jẹ kaná. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹsàn-án, alátakò mi ti fò mí kọjá.

Young Kim, obìnrin olóṣèlú kan ní Kalifóníà, ni mo fi ń tu ara mi nínú nígbà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í dìbò fún ẹgbẹ́ Republican tirẹ̀. Ìlú Incheon ní Gúúsù Kòríà ni wọ́n ti bí i ní 1962, Guam ni ó sì gbé ní kékeré. Ní 2018, nígbà tí Ed Royce, aṣojúṣòfin tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kéde pé òun kò ní díje mọ́, Kim jáde fún ìjókòó náà ní Ilé Aṣojúṣòfin Amẹ́ríkà. Ó léwájú lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò, ó tilẹ̀ ti dé Washington, ó ti bá àwọn aṣòfin tuntun jókòó níbi tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ mọ̀ wọ́n, kí ìbò tí wọ́n ṣì ń kà tó gbé alátakò rẹ̀, Gil Cisneros, borí rẹ̀. Ìṣubú rẹ̀ kejì nìyẹn, nítorí Sharon Quirk-Silva, tí Kim lé kúrò ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 2014, ti gba ìjókòó rẹ̀ padà ní 2016.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún àbúrò yín pé wọ́n jí ìbò rẹ̀ kó. Ní Kalifóníà, ìwé ìbò tí ilé ìfìwéránṣẹ́ bá ti lu lóǹtẹ̀ ní ọjọ́ ìdìbò lè dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n sì kà á. Mo lọ wo tèmi: òṣìṣẹ́ kan ń fi ìbuwọ́lùwé ara àpòòwé kọ̀ọ̀kan wé èyí tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà, èyí tí kò bá dá a lójú, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣẹ́ tí ń tánni ní sùúrù ni.

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni Kim fi padà wá. Kí ó tó díje rárá, ó ti lo ohun tí ó lé ní 20 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ Royce, ó ń ṣe alárinà láàárín ọ́fíìsì náà àti àwọn ará àdúgbò, débi pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n lórí pátákó ìpolówó. Ní 2020 ó tún kojú Cisneros, ó sì fi ìbò tí ó lé díẹ̀ ní 4,000 borí nínú èyí tí ó lé ní 340,000.

Ní tèmi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa nìkan ni ó mọ̀ mí. Mo gba àkọsílẹ̀ ìbò àdúgbò kọ̀ọ̀kan, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì ní ọjọ́ Sátidé kan, mo sì rí i pé àwọn òpópónà tí n kò kan ilẹ̀kùn wọn ni mo ti pàdánù. Kí àbúrò yín gba tirẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.